Agolo Bọ́tìnì Mẹ́fà: Bí Mo Ṣe Ń Wá Ọ̀rọ̀ Tó Bá Ọ̀rọ̀ Mu Nínú Orin

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan báyìí, oòrùn ti mú ganrínganrín, ni ọmọ àbúrò mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè l'Ọ́fà níbí, ó di fóònù mú bí ẹni di ẹyin mú. Pólì Ọ̀fà ló ti ń kàwé, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, akọrin ni yóò pe ara rẹ̀. Bùbá ẹgbẹ́ ni mo ń rán lọ́wọ́. Àwọn obìnrin alásàlátù wa fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi wòlímọ̀, méjìlélógún ló sì ṣì wà nílẹ̀ tí n ò tíì fi síṣà kàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé abọ́ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé kó lọ bá mi lọ ata.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó dọ̀bálẹ̀ kíákíá, ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tó bá 'ìfẹ́' ṣe ráìmù. Mo ti wá a lórí fóònù títí, n ò rí nǹkan gidi."

Mo fi awò mi sójú. Ohun tó kọ nìyí:

Ọmọge, ìwọ ni mo fún ní ìfẹ́,
Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbi iṣẹ́,
Ìwọ nìkan ni mo mú lọ́rẹ̀ẹ́,
N ò rí ẹja, mo ń ro ti ìpẹ́.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹja wo lò ń wí? Kí ni ìpẹ́ ẹja wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọmọge?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ráìmù ló gbé e wá."

Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi náà ni mo ń dá orin fún ẹgbẹ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí àwọn yòókù á máa gbè é. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀rọ̀ mu rí lórí ẹní àsùnmọ́jú, mo ti wá a nídìí máṣíìnì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ọmọ yìí ń wá a sí ló wà.

Ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ráìmù ni kí ìparí ọ̀rọ̀ kan dún bí ìparí òmíràn. Òyìnbó gbé e gẹ̀gẹ̀ nínú orin wọn nítorí pé ó wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ẹ mú 'love', tí wọ́n fi ń pe ìfẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a parí bákan náà ò ju iye tí èèyàn lè fi ìka ọwọ́ kan kà lọ: 'dove' ni àdàbà, 'glove' ni ìbọ̀wọ́, 'above' ni òkè, 'shove' ni kí èèyàn ti ẹnìkejì rẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn tí àdàbà fi ń fò lókè ṣáá nínú orin ìfẹ́ wọn. Kì í ṣe pé àdàbà mọ ìfẹ́ ju adìyẹ lọ, ọ̀rọ̀ ni wọn ò ní.

Àwọn Lárúbáwá náà mọyì rẹ̀. Àwọn ààfáà tó ń ka Búrúdà, ewì tí al-Busiri ará Íjíbítì kọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá láti fi yin Ànábì, mọ̀ pé lẹ́tà mímù ló parí gbogbo ẹsẹ rẹ̀, ẹsẹ náà sì lé ní 150. Ẹni tó bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo parí irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀ tí ìtumọ̀ ò sì dàrú, akin ni. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lè fi oríṣiríṣi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà ẹni tó bá ń wá mímù ní láti wò ó kọjá bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ti Yorùbá ò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ wa. Kódà bí òyìnbó bá gbé ọ̀rọ̀ tiwọn tó fi kọ́ńsónáǹtì parí wá, a ó fi fáwẹ́lì dí i nídìí kí a tó gbé e sẹ́nu: búrẹ́dì, tábìlì, ṣọ́ọ̀ṣì. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje la ní, àránmúpè márùn-ún. Èyí ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá, ìró méjìlá péré ni wọ́n ń parí sí. Bí ẹ bá dúró ní ọjà Owódé tí ẹ ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá pe ọ̀rọ̀ kan, kí èèyàn ogún tó kọjá, ẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ méjì tó parí bákan náà. Ohun tó pọ̀ tó báyẹn ò lè gbówó lórí. Ìyà àìní ló ń jẹ olórin òyìnbó, ìyà àníjù ló ń jẹ tiwa. Ẹni tó bá ń wá ráìmù fún 'ìfẹ́' ní Yorùbá dà bí ẹni tó ń wá iyanrìn létí odò: yóò rí i kó, àmọ́ kò ní rí i tà.

Mo wí èyí fún ọmọ náà. Ó ní, "Màmá, ṣé kò wá sí ohun tó ń bá ìfẹ́ mu ni?"

Mo ní ó wà. Mo ní kó bá mi gbé àwọn agolo tó wà lórí pẹpẹ sọ̀kalẹ̀.

Agolo mílíìkì mẹ́fà ni, inú wọn ni mo ń kó bọ́tìnì sí. Kí n tó máa rán aṣọ ni mo ti ń lò wọ́n. Mo fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ohùn ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lọ sílé-ẹ̀kọ́ láyé ìgbà tiwa yóò rántí dò, re, mí: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè. Ẹ wá gbọ́ ohun kan tí kì í tètè hàn séèyàn. Nínú ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí kì í ṣe àyálò, fáwẹ́lì tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í gba mí. Dò tàbí re ni. Nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a fi ń pe nǹkan lórúkọ, tí fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ wọn tí wọ́n sì ní sílébù méjì, oríṣi mẹ́fà péré ni wọ́n lè jẹ́. Méjì níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn: mẹ́fà náà nìyẹn. Agolo mẹ́fà.

Agolo kìíní, dò-dò: ọ̀nà, ìwà, ìyà, ìlù, èdè, òwò.

Agolo kejì, dò-re: òwe, ọ̀bẹ, ọ̀pẹ, òde, ọ̀la.

Agolo kẹta, dò-mí: ìfẹ́, ìyá, ìlú, ìwé, ọ̀tá, ọ̀rẹ́, ìṣẹ́.

Agolo kẹrin, re-dò: ayọ̀, ọjà, ọbẹ̀, ọkọ̀, ilẹ̀, ọlà.

Agolo karùn-ún, re-re: ọmọ, ọkọ, aṣọ, ọba, ara, ire.

Agolo kẹfà, re-mí: owó, ilé, ayé, iṣẹ́, ọpẹ́, ọlá.

Láyé ìgbà yẹn, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà wẹ́wẹ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá jù ú sínú agolo tirẹ̀. Ẹni tó bá ju 'ọ̀la' sínú agolo 'ọlá', gbogbo kíláàsì á hó lé e lórí. Lẹ́tà kan náà ni ọ̀la, ọlá àti ọlà ní, síbẹ̀ agolo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá ní ọlá lónìí lè má ní in lọ́la, ẹni tó sì ní ọlà lè má ní ọlá rárá.

"Wá wo ohun tí o kọ," ni mo wí fún ọmọ náà. "O fi 'iṣẹ́' gbe 'ìfẹ́' lẹ́sẹ̀. Fáwẹ́lì wọn bára mu nídìí, àmọ́ agolo kẹfà ni iṣẹ́ wà, agolo kẹta ni ìfẹ́. Pè wọ́n tẹ̀léra."

Ó pè wọ́n. "Ìfẹ́. Iṣẹ́." Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Wá pe ìfẹ́ àti ìṣẹ́."

"Ìfẹ́. Ìṣẹ́." Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, èyí dùn jù ú lọ. Ó tún ní ọ̀rọ̀ nínú."

Ó ní ọ̀rọ̀ nínú lóòótọ́. Ìfẹ́ ni kí ọkàn fà sí ènìyàn, ìṣẹ́ ni òṣì. Ta ló ń bẹ l'Ọ́fà yìí tí ìfẹ́ àti ìṣẹ́ ò tíì jọ bá wọlé lọ́jọ́ kan náà?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ méjì bára mu lóòótọ́, ẹ gbé wọn lọ bá onídùndún. Ìyáàlù ò lè pe fáwẹ́lì, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Ohùn nìkan ló ní. Bí onílù bá fi ọ̀pá lu 'ìfẹ́', dò-mí lẹ ó gbọ́. Bó bá lu 'ìyá', dò-mí náà ni. Ìlú, dò-mí. Ọ̀tá, dò-mí. Létí ìlù, ìyá àti ọ̀tá ò yàtọ̀ síra. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́, odindi gbólóhùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ ló máa ń lù, bí oríkì, kí etí lè ráyè mọ èyí tó ń wí. Tí ẹ bá bi onílù pé ọ̀rọ̀ wo ló bá 'ìfẹ́' mu, kò ní wo ìdí ọ̀rọ̀ rárá. Yóò ní ìyá bá a mu, ìlú bá a mu, ọ̀rẹ́ bá a mu. Ìparí nìkan ni ọmọ tó di fóònù mú ń gbọ́. Onílù ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti orí dé ẹsẹ̀.

Ìyẹn ló mú mi rántí ìtìjú tó bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. À ń gba Ìyá Àdínì tuntun, wọ́n sì ní kí n dá orin tí a ó fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ ṣe ohun àràmàǹdà. Mo yá ohùn orin láti inú fíìmù Íńdíà kan tí gbogbo wa ti wò tán, mo fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i: ìyá dé, ìyá dé. Ọ̀rọ̀ náà ò ní wàhálà kankan lórí bébà. Àmọ́ ohùn orin tí mo yá yẹn, ìsàlẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tẹ̀ kó tó fò sókè. Bí àwọn obìnrin ogójì ṣe ń gbé e lọ, ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe ìyá dé mọ́. Ìyà dé ni.

Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó nítòsí ògiri ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ṣíwọ́ àtẹ́wọ́. "Ìyà wo ló dé? Ẹ̀yin èwe yìí, ṣé báyìí lẹ ṣe ń kí èèyàn káàbọ̀?" Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ìyá Àdínì fúnra rẹ̀ fi gèlè bojú, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ò rí ibi tí mo lè fojú sí. Ọ̀rọ̀ tí mo yàn ò ní àléébù. Mo gbé e jáde kúrò nínú agolo kẹta, mo jù ú sínú agolo kìíní, n ò sì mọ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ti kó sínú kòtò yìí. Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ tíṣà, ti àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni, gbogbo wa la sì jọ ń kọ orin ìsìn láàárọ̀, Mùsùlùmí ń bẹ, ọmọ ìjọ ń bẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ wa sórí ohùn òyìnbó bó ṣe wà. Ohùn náà ń gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè. Ẹni tó ti mọ orin náà tẹ́lẹ̀ nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àwọn àgbà inú ìjọ náà rí i. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìsìn, ó sì gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ilé-iṣẹ́ Zonophone gbà á sínú àwo. T. K. E. Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà tó wà ní Marina l'Ékòó, gbé ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì jà fún un níbẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń rìn ni kí ohùn orin máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó yẹ kí n ti ka ìwé rẹ̀ kí n tó lọ pàdé Ìyá Àdínì.

Bí ẹ bá ní kí n fi ẹnì kan hàn yín tó mọ ọ̀nà yìí, n ò ní lọ jìnnà. Ọ̀fà yìí náà ni wọ́n bí I. K. Dairo sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀ wá. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ l'Ọ́fà ló lọ kí owó tó dí i lọ́wọ́, tó fi padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ ṣe iṣẹ́ gẹ̀rígẹ̀rí. Ìlù tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje ló gbé dání lọ. Ní 1957 ló dá ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ sílẹ̀, ní 1963 ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE, ó sì kú ní 1996. Òun ló gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú. Àkọ́díọ̀nù ò mọ Yorùbá, ohùn tí wọ́n ṣe mọ́ bọ́tìnì rẹ̀ nìkan ló lè mú jáde. Síbẹ̀ bí Dairo bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa bọ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí ẹni tó máa bi í pé kí lo wí. N kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ kó máa sáré lé ìparí ọ̀rọ̀. Ìlù tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un ló kọ́kọ́ kọ́ ọ létí, àkọ́díọ̀nù ẹ̀yìn ló dé.

Ọmọ náà ò gbà tán. "Màmá, ṣé Dagrin náà ò ṣe ráìmù ni? Yorùbá ló fi ṣe é."

Ẹ má rò pé n ò mọ Dagrin, olórin ráàpù náà. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ló ń lù ú káàkiri àdúgbò lọ́dún tí àwo rẹ̀, C.E.O., jáde ní 2009, nígbà tó sì kú ní 2010, mo rí àwọn géńdé tó ń sunkún. Mo ní kó tún lọ gbọ́ ọ, kó máa fi ìka lu tábìlì bó bá ṣe ń gbọ́ ọ. Ìparí ọ̀rọ̀ ń bára mu níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó mú kó wọ àwọn ọmọ yẹn lára ni pé èdè ìgboro ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ sì ń gbún ọ̀rọ̀ ní ìgúnpá. Ráìmù jẹ́ ìgbátí aṣọ. Bí aṣọ fúnra rẹ̀ ò bá jókòó lára, ìgbátí ò lè gbà á.

Ohun kejì tí mo sọ fún un ni pé kó má bẹ̀rù àwítúnwí. Lọ́dọ̀ òyìnbó, bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kan náà parí ìlà méjì, wọ́n á ní ẹ ya ọ̀lẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ibẹ̀ gan-an ni elégbè ti ń rí ọwọ́ dì mú. Ẹni tó ń lé orin á máa yí iwájú ìlà padà, elégbè á máa bá a pàdé níbi tí ọ̀rọ̀ ti dúró sójú kan. Bí ẹ bá wá ti fi ọ̀rọ̀ kan náà lé e lẹ́ẹ̀mejì, tí etí gbogbo ènìyàn ti ń retí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ yí ohùn rẹ̀ padà. Kí ó jọ ti tẹ́lẹ̀, kó má sì jẹ́ òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí ti Yunifásítì Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí irú yíyí ohùn báyìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn wa, tó jáde ní 1984. Kí ó tó kọ ìwé ni àwọn abẹ́ṣinkáwọ́ ọ̀rọ̀, onírárà àti oníjàálá, ti ń ṣe é. Ọ̀fà ò ṣàjèjì sí i. Ìjàkadì ni wọ́n fi ń ki wa, àwa ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín, ẹni tó bá sì ti wo ìjàkadì rí mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ dá ọ ní láti kọ́kọ́ fà ọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan, kó tún fà ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ara rẹ lè máa retí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yìn ni yóò wá tì ọ́ sí.

"Ó dáa," ọmọ náà ní. Ó pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Mo padà sídìí máṣíìnì mi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń kùn ún lábẹ́nu:

Ìfẹ́ dé, ìṣẹ́ ò lọ.

Mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí pẹ́dà. "Tún un wí."

"Ìfẹ́ dé, ìṣẹ́ ò lọ."

Ẹ gbọ́ bó ṣe rìn. Agolo kẹta, agolo kẹta, ọ̀rọ̀ kékeré tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bá a wá èkejì. Kò gbà wá ní àkókò, inú agolo kan náà la ti bù ú: ọ̀rẹ́ dé, ọ̀tá ò lọ. Bí ẹ bá fi ìyáàlù lu ìlà méjèèjì, kò sí onílù tó máa mọ èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ yàtọ̀. Ọmọ náà ti ń jó níjòókòó. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta ò wá. Ó ní 'ìyá dé, bàbá ò lọ'. Mo ní ìyẹn ò ní ọ̀rọ̀ nínú, bí bàbá ò bá lọ, ṣé ó burú ni? Ó ní 'ìwé dé'. Mo ní ìwé wo? A ṣe é títí, ọwọ́ mi ò kúrò lórí bùbá kan ṣoṣo, ó ń di aago mẹ́ta lọ.

Ìgbà náà ni ọmọ iṣẹ́ mi wọlé, abọ́ lórí, òógùn lójú. Ó gbé abọ́ kalẹ̀. Ata náà wà níbẹ̀ gbágbáágbá, tàtàsé, rodo, àlùbọ́sà, kò sí èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn.

"Màmá, ẹ má bínú. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ wọn ò sì ní epo. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò rí i lọ̀."

Ọmọ àbúrò mi gbé orí sókè. Èmi náà gbé orí sókè. Lọ, lọ, a ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọbìnrin tí kò mọ ohun tí à ń ṣe wá gbé ẹ̀kẹta wọlé nínú abọ́ ata, ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ẹ̀rọ ló sọ, àmọ́ ohùn 'ẹ̀rọ' ò lè rìn níbẹ̀. Mo ronú kan ọlọ ìyá mi tó ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, tí ewéko ti bò. Mo fi ọlọ dípò ẹ̀rọ, mo sì yí ọ̀rọ̀ náà po, nítorí pé nínú ilé tí ìṣẹ́ wà, kì í ṣe ọlọ ló ń wọ́n èèyàn. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ báyìí:

Ìfẹ́ dé, ìṣẹ́ ò lọ,
Ọ̀rẹ́ dé, ọ̀tá ò lọ,
Ọlọ dé, a ò ráta lọ̀.

Ó kọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dé 'lọ̀', tí ohùn rẹ̀ já sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi pa àtẹ́wọ́, ó ní, "Háà! Ọlọ dé, a ò ráta lọ̀!" Kò sí ẹni tó ní kó gbè é.

Mo ní kó gbé abọ́ náà padà, kó gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ, bóyá àwọn tibẹ̀ ní epo. Ó gbé e, ó ń kọ ọ́ lọ lójú ọ̀nà.